Nígbà Tí Wáìnì Ṣì Ń Kan Lẹ́nu

Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì yẹn, kí ẹ sì wá ibi jókòó. Ẹ ṣé o, Olúwa yóò máa pèsè. Ìgò náà wúwo, mo rí i, ìdí rẹ̀ sì jin kòtò sínú. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ ọtí olówó gọbọi sí, kí ẹni tó rà á lè rò pé òun ra nǹkan gidi. Mi ò ní í mu ún. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá jà.

Mo ti rí yín níbi àsè yín. Ẹ ó yí ife po, ẹ ó ti imú bọ inú rẹ̀, ẹ ó wá dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹnì kan á ní òun ń gbọ́ òórùn ṣokoléètì, ẹnì kejì á ní tábà ni òun ń gbọ́. Kò sí ẹni tó máa béèrè pé báwo ni ọtí náà ṣe lágbára tó. "Ó smooth gan-an," lẹ máa ń wí. Ara ejò náà ń dán.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀rọ̀ Oyè ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n sí Bàbá Tọ́lá, ọkùnrin gíga tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó ń bọ àgbà àti ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó kù, ohun tí ẹ gbọ́ ni pé wọ́n lé ọ̀mùtí kan padà sílé láti Canada, pé ó fi ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ nítorí ọtí. Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn kò mutí yó rí láyé rẹ̀, àfi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì mọ̀ pé òun ti yó lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo jókòó tì í nínú ọkọ̀, mo sì mọ ohun tí mo rí.

Ìgbà tí èmi àti Oyè dé ìlú yìí, bésímẹ́ǹtì kan, yàrá abẹ́ ilé, la jọ gbà ní Vaughan, nílé ọmọ Ítálì kan tó ń mọ bíríkì. Bàbá Nino là ń pè é. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jọ ti àwọn bàbá wa nílé. Ó ń pariwo, ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, kì í jẹ́ kí ebi pa àlejò, bí inú bá sì bí i, gbogbo àdúgbò ní ń gbọ́. Bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi, tí òtútù ń yọ́ wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù kan á já àpótí àjàrà sílẹ̀ níwájú gárájì rẹ̀, èyí tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà Niagara. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó tún máa wọ inú gárájì yẹn títí yìnyín fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. A ó ṣa ewé kúrò, a ó ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò, a ó wá da ìyókù sínú ẹ̀rọ onírin kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Igbe ẹ̀rọ yẹn ṣì ń dún létí mi títí dòní. Agbọ́n á dé, kòkòrò oríṣiríṣi á dé, Ìyá Nino á máa fi aṣọ ìnuwọ́ lé wọn, á sì máa ṣépè fún wọn lédè rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú àgbá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀ láìsí iná nísàlẹ̀. Bí a bá dùbúlẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, tó ń sọ ṣó-ṣó-ṣó bí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Oyè máa ń ní ohùn ilé ni ohùn yẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹmu ṣe máa ń hó nínú agbè.

Bàbá Nino kì í ra àjàrà tó bá ti pọ́n kọjá ààlà. Ó fẹ́ kó ṣì le díẹ̀, kó ṣì ní kíkan nínú. Ó ní àjàrà tó bá pọ́n jù, ọtí rẹ̀ kì í ṣe ti oúnjẹ mọ́, ti ìjà ni. Bí ìtànṣán oòrùn bá ṣe ń mú un pọ́n tó, ni adùn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, adùn náà ló sì ń di agbára nínú àgbá. Ó ti ṣàlàyé èyí fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi gbọ́. Oyè gbọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n etí ló fi gbọ́, kò dé ahọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní tí Bàbá Nino bu wáìnì náà fún wa, ojú Oyè fún pọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní ẹmu yìí mà ti kan. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Adẹ́mu ni bàbá Oyè lábúlé kan lẹ́bàá Ìkirè, ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹmu tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń dùn bí oyin, kò sì ní ìkà nínú. Wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ mu kí ọyàn lè wá. Bó bá di ọ̀sán, ó ti ń kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ti àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n mu. Òfin kan ni ahọ́n Oyè mọ̀ láti kékeré: ohun tó bá dùn, ọ̀tun ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ohun tó bá kan, ṣọ́ra fún un. Bí ẹ bá bi í ní ìwọ̀n agbára ọtí, kò ní í wo ìgò. Yóò tọ́ ọ wò ni.

Nítorí náà, wáìnì Bàbá Nino tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, Oyè ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí pé ó kan. Ó ra ife tánganran ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń mu ògì nílé, ó sì ní òun kò ní í mu ju ọ̀kan lọ, lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pẹ̀lú iyán. Bó ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá a gbé. Ó lè fi ìrọ̀lẹ́ mu ún tán. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní í gba ẹ̀kejì. Nígbà tó sì fẹ́ Àyọ̀ká, ìyẹn Ìyá Tọ́lá, tí wọ́n kó lọ sí Bramalea, ife yẹn bá a lọ.

Ayé ìgbà yẹn dùn, mi ò ní í purọ́ fún yín. Bí wáìnì tuntun bá tó mu nínú oṣù kọkànlá, Bàbá Nino á yan àwọn èso kan lórí iná, èyí tí èèpo rẹ̀ máa ń bẹ́ táú-táú, àwọn ẹbí rẹ̀ á kún gárájì, a ó sì jókòó sórí àpótí tí wọ́n fi kó àjàrà. Wọ́n kọ́ Oyè lórin wọn, Oyè náà kọ́ wọn lórin Kérésìmesì tiwa, wọ́n sì ń kọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́dún kan, ìgò ńlá kan bẹ́ ní bésímẹ́ǹtì nígbà tí a wà níbi iṣẹ́. Gbogbo ara ògiri pọ́n. Aṣọ funfun tí Oyè fẹ́ wọ̀ lọ ṣèrìbọmi wà lórí ìkọ́, ó sì rẹ gbindin. Kò ní òmíràn. Ó wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, òórùn ọtí ń ta láti ara rẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Oyè kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí pé kò sí ohun tó burú lójú rẹ̀ tó kí wọ́n pe ọmọ adẹ́mu ní ọ̀mùtí. Ó ní bàbá òun dá ẹmu fún gbogbo ìlú, kò sì sí ẹni tó rí i kó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rí.

Bàbá Nino kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ẹ̀rọ onírin náà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí iwájú ilé oúnjẹ rẹ̀, wọ́n wá fi gárájì náà ṣe yàrá tí wọ́n ń háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin míì nínú yín ti gbé irú rẹ̀. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń mú, ó ń pẹ́, àjàrà sì ń pọ́n kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtijábọ́. Àwọn tó ń gbìn ín tún ń fi í sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi sún kì, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà á kò fẹ́ kíkan mọ́. Ẹ fẹ́ kó nípọn, kó dùn, kó bo ahọ́n bí òróró. Nígbà tiwa, bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ìgò, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọtí ṣe lágbára tó, mọ́kànlá tàbí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ máa rí. Wàyí, ó ti di mẹ́rìnlá, ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì kọ ọ́ wínníwínní bí ẹni tí ojú ń tì. Ìgò kan náà, orúkọ kan náà. Bí mo bá gbé èyí tó ṣì kan díẹ̀ síwájú yín, ẹ ó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni.

Tọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Oyè bí. Ó kàwé, ó níṣẹ́ ní báńkì, ó ra ilé sí Georgetown níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ìbejì. Èèyàn dáadáa ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má bàa rò pé mo kórìíra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kórìíra rẹ̀ díẹ̀. Ó ti di ẹni tó mọ wáìnì. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ń mú òtútù wá fún ìgò nìkan, ó sì máa ń sọ ìtàn ọtí fún àlejò kí oúnjẹ tó kúrò lórí iná.

Ọjọ́ Àjíǹde ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ara Àyọ̀ká kò yá, ó dúró sílé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ nígbà náà, wọ́n sì máa ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oyè ló ń wà á lọ, òun ló ń jókòó tì í, òun ló ń wà á bọ̀. Èmi àti Oyè ni a lọ sí Georgetown láti jẹun. Èmi kì í wakọ̀ mọ́ nítorí ojú, n kì í sì í mutí nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oyè gbé ife tánganran rẹ̀ dání gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Tọ́lá sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Daddy tún ti gbé garawa wọn dé.

Ó ṣí ìgò kan tó ní òun ti ń tọ́jú fún ọjọ́ ńlá. Ó bu díẹ̀ sínú ife náà. Oyè tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ti ọmọdé. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Eléyìí dùn. Ọ̀tun ni," ó wí. "Kò tíì kan rárá. Kún un fún mi."

Tọ́lá mọ̀. Ẹ gbọ́ mi o, ó mọ̀. Ó ti ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ìgò náà sókè fún wa kó tó ṣí i, ó ń fi yangàn bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. Ìyàwó rẹ̀ Bímpé wò ó lójú, ó sì wo ife náà, tó lè gba ju ìdajì ìgò lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọtí yìí ju agbára yín lọ, lórí tábìlì, níwájú àlejò? Wọ́n tọ́ Tọ́lá dáadáa. Ó kún un dé ẹnu. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi pa bàbá rẹ̀.

Oyè mu ife kan, ó fi iyán tì í, bó ti máa ń ṣe. Kò gba ẹ̀kejì. Bímpé ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sùn díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má bàa dà bí ẹni tó ń pàṣẹ. Oyè rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ife kan yìí? Ó ní ìyàwó òun ń retí òun. A jáde, oòrùn ṣì wà lókè.

Lójú ọ̀nà, ó ń kọ orin ìsìn. Ó wakọ̀ tọ́, kò sáré, kò ya kiri. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé ó ń sọ̀rọ̀ ju bó ti máa ń sọ lọ. A ti dé Bramalea, a ti ń rí òrùlé àdúgbò wa, nígbà tí iná pupa tàn. Ọkọ̀ iwájú dúró. Ẹsẹ̀ Oyè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé bíréèkì, a sì lọ kọlu ìdí ọkọ̀ náà. Gíláàsì iná ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Ẹnikẹ́ni kò farapa, ìyẹn nìkan ni ibi tí Ọlọ́run ti ṣàánú wa. Ọmọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Oyè náà sọ̀ kalẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ó sì sún mọ́ ọn bí a ti máa ń sún mọ́ ẹni tí a fẹ́ bẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Ó pe ọlọ́pàá.

Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ó ti kọjá ohun tí òfin gbà. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó ní nǹkan yìí ti bàjẹ́. Wọ́n bi í pé mélòó ló mu, ó ní ife kan. Ọlọ́pàá náà, ọmọdé tí kò tíì hu irùngbọ̀n tán, rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo yín lẹ máa ń mu ife kan. Wọ́n fi ankọ́ọ̀fù sí i lọ́wọ́ lójú pópó, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ láti ìpàdé ọ̀sán sì ń rọra wakọ̀ kọjá, wọ́n na ọrùn síta. Kò sí ẹnì kan tó dúró nínú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti pe ara wọn lórí fóònù kí n tó dé ilé.

Kọ́ọ̀tù gba láísẹ́ńsì rẹ̀, wọ́n sì ní kó sanwó ìtanràn. A rò pé ó parí síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oyè kò di ọmọ onílùú níbí. Káàdì ìgbélùú ló ń lò láti ọjọ́ tó ti dé, ó kàn ń sọ ọ́ di tuntun ni. Bí mo bá bá a sọ ọ́, á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, pé Ìkirè ni wọ́n máa sin òun sí, kí lòun fẹ́ fi ìwé wọn ṣe. Wọ́n sì ti mú òfin le sí i lórí ẹni tó bá mutí wakọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, wọ́n lè lé e lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó máa múra.

Lọ́yà tí Tọ́lá gbà ní ọ̀nà kan ṣì wà, pé ká pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí Oyè bá lè dúró níwájú obìnrin tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà, kó ní ọtí ti mú òun lẹ́rú, pé òun ti mọ̀, pé òun ti ń gba ìtọ́jú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣàánú rẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń sunkún. Ẹni tó bá ní òun kò lẹ́ṣẹ̀ púpọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí wọn nínú. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa náà dé, ó ní òun ṣe tán láti wá jẹ́rìí pé òun ti gba ìdáǹdè fún un lọ́wọ́ ẹ̀mí ọtí. Oyè bi í pé ta ló lè gba òun lọ́wọ́ ohun tí kò mú òun.

Gbogbo wa la bẹ̀ ẹ́. Tọ́lá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún, ó ní, "Daddy, ẹ kàn sọ ọ́. It's just a word." Èmi bú u. Mo ní òmùgọ̀ ni, mo ní bí wọ́n bá ní kí èmi pe ara mi ní olè àti ajínigbé kí n lè jókòó ti ìyàwó mi, màá pe ara mi bẹ́ẹ̀ lórí òrùlé. Àyọ̀ká ni kò bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ariwo. Ó dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn, apá rẹ̀ tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ wú, ó wò ó.

"Bàbá Tọ́lá, ta ló máa máa gbé mi lọ?" ó bi í.

Oyè jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo rí ní ọjọ́ yẹn tí mo fi mọ̀ pé yóò sọ ọ́, pé ó ti gbà. Ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Mo gbọ́ ọ tó ń dán an wò ní báfíróòmù bí ọmọdé tó ń há àkọ́sórí.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Èmi náà wà níbẹ̀. Yàrá kékeré ni, kò jọ kọ́ọ̀tù, ó jọ ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn níṣẹ́. Ìyá tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó bi í ní ti ìyàwó rẹ̀, ó bi í ní ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá bi í pé ṣé ó gbà pé ọtí ti di ìṣòro fún òun. Lọ́yà náà mi orí sí i. Oyè la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á, òógùn sì bò ó lójú. Èmi ń gbàdúrà ní inú mi pé kó purọ́, mo ń gbàdúrà gan-an, mo ní Olúwa, jẹ́ kí ọkùnrin yìí purọ́.

"Rárá, mà," ó wí níkẹyìn. "Ife kan ni mo mu. Ó dùn, mo rò pé ọ̀tun ni. Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí."

Lọ́yà rẹ̀ dijú. Ìyá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí ìdájọ́ dé, wọ́n ní kò tíì mọ ohun tó ṣe, pé kò sí ohun tó fi hàn pé kò ní í ṣe é mọ́. Ní ti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní ó lọ́mọ níbí.

Ó lọ́mọ níbí lóòótọ́. Tọ́lá ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ náà títí di ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó wá háyà ẹnì kan. Àyọ̀ká kò lè bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìkirè, nítorí kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí ibẹ̀, bó sì lọ sí ìlú tó wà, ta ni yóò máa sanwó rẹ̀? Nígbà tí wọ́n mú Oyè lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó ní kí n lọ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ife kan ni. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ah, Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún bá wọn jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, ọtí wọn náà sì ń dùn.

Ẹ̀yin náà ń wojú ara yín. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ń rò pé ọtí tó mu pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ọ̀rẹ́ ni mò ń gbèjà. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni Oyè máa ń wí, ó sì rò pé òun lè yàn láàrin méjèèjì. Ó rò pé bí òun bá padà sílé láìjẹ́ orúkọ yẹn, orúkọ yẹn ò ní í bá òun dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni fóònù. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀ ní Èkó, Ìkirè ti gbọ́ ìdí tí wọ́n fi lé e.

Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sán ni níbí, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́hùn-ún. Ó jókòó síwájú ilé bàbá rẹ̀, mo ń gbọ́ ìró ewúrẹ́ àti ti ọlọ. Ó ń bi mí bí Àyọ̀ká ṣe ń jẹun, bóyá ó ń sùn, ta ló gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn lọ́wọ́ ni àwọn ọmọdé kan kọjá lójúde, tí wọ́n ń ti odò bọ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn. Wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Wọ́n jùmọ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo àgbà àdúgbò, wọ́n ní, "Bàbá Ọ̀mùtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Ó gbé fóònù kúrò lẹ́nu, ó sì jẹ́ wọn.